Ta Ni Ó Ya Àwòrán Yìí?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ta kókó, ṣùgbọ́n èrè wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fi etí sí i.

Bí ẹ bá wọ ilé kan tàbí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀tà yìí, tí ẹ sì rí àwòrán ènìyàn tí a fi ọ̀dà yà, tí a gbé kọ́ sára ògiri nínú férémù, ẹ bi onílé pé, "Ta nìyí?" Ẹ kò ní tíì pa ẹnu dé tí yóò fi dá yín lóhùn pé, "Bàbá wa ni," tàbí, "Ìyá mi àgbà ni, nígbà tí wọ́n pé ọgọ́rin ọdún." Ẹ wá tún bi í pé, "Ta ni ó yà á?" Ẹ ó rí i tí yóò dákẹ́, tí yóò fi ọwọ́ họ orí, tí yóò ní, "Áátíìsì kan báyìí ni, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò níbẹ̀ yẹn. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

Lórí ìbéèrè kejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kì í ra ọjà báyìí. Ìlú ilé-iṣẹ́ ni ìlú wa. Láti Sàngó títí dé Àgbàrá, páálí ọjà tí ó bá jáde láti ẹnu géètì ilé-iṣẹ́, orúkọ ẹni tí ó ṣe é yóò wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí a ṣe é yóò wà níbẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ ohun jíjẹ, ẹ ó wá nọ́ńbà NAFDAC. Bí ẹnìkan bá gbé èyí tí kò ní orúkọ wá sí ìsọ̀ yín, ẹ ó ní ayédèrú ni, kí ó máa gbé e lọ. Kí ni ó wá dé tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó gba ojú bàbá yín sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọmọ yín, òun nìkan ni ẹ kì í béèrè ẹni tí ó ṣe é?

Kì í ṣe òní ni irú ìgbàgbé yìí bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ère gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ọ̀tà wà lára àwọn ìlú tí a kò lè ṣàì dárúkọ. Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Àwórì yìí mọ igi í gbẹ́ dé ojú àmì: ojú obìnrin tí ó tutù, ilà ojú tí ó hàn gedegbe, gèlè tàbí irun dídì lórí, nígbà mìíràn odindi ìran lókè orí náà, ẹyẹ, ejò, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Àjọ UNESCO pàápàá kéde gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Ọ̀pọ̀ ère gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó, tí wọ́n wà nínú àpótí gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé títí di òní olónìí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni pé Yorùbá ni ó gbẹ́ ẹ, a kò mọ orúkọ agbẹ́gilére. Ǹjẹ́ ẹni náà kò ní orúkọ bí? Ó ní in. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ìyàwó rẹ̀ ń kì í ní oríkì, gbogbo àdúgbò ni ó mọ ilé rẹ̀. Ẹni tí ó wá gbé ère náà lọ ni kò béèrè. Nígbà tí ọjọ́ sì pẹ́, tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kú tán, orúkọ náà bá wọn wọlẹ̀.

Ohun tí àlejò ṣe sí àwọn baba ńlá wa yẹn ni àwa onílé ń fi ọwọ́ ara wa ṣe sí àwọn ayàwòrán tí ó wà láàrin wa lónìí. Àwọn ayàwòrán tí mò ń wí ni àwọn tí ń ya ènìyàn: ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ìdúró rẹ̀, aṣọ ọrùn rẹ̀, ayọ̀ rẹ̀ àti ìrònú rẹ̀. Wọ́n wà nítòsí wa, wọ́n wà láàyè, a kò sì mọ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀ nínú wọn mọ̀ yín, láti orí ẹni tí ó kọ́kọ́ la igbó di ọ̀nà.

Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí Àìná Onabolu, ní 1882. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ilé-ẹ̀kọ́ kì í kọ́ ọmọ ilẹ̀ wa ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ni ó ń tẹjú mọ́, òun ni ó ń dà kọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi là. Ní 1906 ó ya obìnrin kan ní Èkó, Mrs. Spencer Savage, àwòrán tí àwọn onímọ̀ ṣì ń dárúkọ títí di ìsinsìnyí. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ayé ìgbà náà ni ó gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya ojú ènìyàn kí ó jọ ènìyàn. Onabolu kò fi ẹnu bá wọn jà. Búrọ́ọ̀ṣì ni ó gbé, ó ń ya àwọn gbajúmọ̀ Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1920 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ náà sí i. Nígbà tí ó padà dé ní 1922, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wọ̀. Ó ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń ya ohun tí ó jìnnà kí ó kéré, àti èyí tí ó súnmọ́ni kí ó tóbi. Òun náà ni ó rọ ìjọba títí wọ́n fi mú olùkọ́ àwòrán mìíràn wá, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Kenneth Murray, ní 1927. Onabolu kú ní 1963. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ọ o: ọ̀kan nínú wa ni ó la ọ̀nà náà.

Akinola Lasekan tẹ̀lé e. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, a bí i ní 1916, ó sì kú ní 1972. Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ òǹkàwé West African Pilot lè ti gbọ́ orúkọ "Lash" lẹ́nu wọn. Òun ni ó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn náà láti 1944, ẹ̀fẹ̀ tí ń ta ìjọba amúnisìn létí bí ata. Bí ó bá sì gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀, a fi ọ̀dà ya àwọn ọba àti akọni inú ìtàn Yorùbá, kí ọmọ tí kò bá wọn láyé lè fi ojú rí wọn.

Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Zaria kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní ju ẹ̀kọ́ òyìnbó nù, àwọn kò sì ní ju ọnà ilé baba àwọn nù. Èyí tí ó dára nínú méjèèjì ni àwọn yóò so pọ̀. Uche Okeke, Demas Nwoko àti Bruce Onobrakpeya wà níbẹ̀. Ọmọ Èkó kan náà wà níbẹ̀, Yusuf Grillo, tí a bí ní 1934. Bí ẹ bá rí obìnrin gíga, ọlọ́rùn gígùn, tí ó wé gèlè, tí àwọ̀ aró sì bo gbogbo àwòrán náà bí ẹni pé inú ìkòkò aláró ni wọ́n ti fà á jáde, ẹ ṣe sùúrù kí ẹ wo ìsàlẹ̀, ó lè jẹ́ iṣẹ́ Grillo. Ọdún gbọọrọ ni ó fi kọ́ni ní Yaba College of Technology. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó bẹ̀ kí ó ṣe gíláàsì aláràbarà sí fèrèsé wọn. Ó di olóògbé ní 2021.

Ẹni tí ó bá ń ta aṣọ yóò fẹ́ràn Kọ́ládé Oshinowo, tí a bí ní 1948, tí òun náà kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yaba. Ọjà, àwọn obìnrin tí ó pé jọ, ariwo ìgboro, ìwọ̀nyí ni ó máa ń yà. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí lẹ ègé aṣọ mọ́ kánfáàsì, ó sì ń fi ọ̀dà so wọ́n pọ̀. Ègé tí ẹ̀yin ń gbá jáde ní ìsọ̀ télọ̀, òun a sọ ọ́ di ìró lára obìnrin inú àwòrán.

Ẹ má rò pé àwọn àgbà nìkan ni mo mọ̀. Ní Ìbàdàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Olúwọlé Ọmọ́fẹ́mi, ọmọ tí a bí ní 1988. Obìnrin ni ó máa ń yà jù, pẹ̀lú irun orí tí ó kún, tí ó dúdú bí òjò tí ó ṣú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọge ti máa ń tọ́jú irun ní nǹkan bí 1970. Ní 2022, nígbà tí ọbabìnrin Elizabeth pé àádọ́rin ọdún lórí oyè, Tatler, ìwé ìròyìn àwọn ọlọ́lá ní Lọ́ńdọ̀nù, wá ayàwòrán tí yóò ya ọbabìnrin sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ọmọ Ìbàdàn yìí ni wọ́n fún. Ẹ mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí n tó dárúkọ rẹ̀ báyìí?

Tóyìn Ojih Odutola ńkọ́? Ilé-Ifẹ̀ ni a ti bí i ní 1985, ó kéré púpọ̀ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí Amẹ́ríkà. Bírò lásán ni ó fi bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń jẹ ìdérí rẹ̀. Ó fi ń ya awọ ara ènìyàn dúdú ní fínnífínní títí tí ó fi ń dán. Nígbà tí ó yá, ó dá ìtàn ìdílé ọlọ́lá méjì sílẹ̀ nínú ọkàn ara rẹ̀, ìdílé tí kò sí níbì kan láyé, ó sì ya àwọn ènìyàn inú wọn bí ẹni pé wọ́n jókòó síwájú rẹ̀. Ilé ìṣàfihàn Whitney ní New York pàtẹ wọn láti 2017 wọ 2018.

Ẹ rántí Dora Akunyili, ọ̀gá NAFDAC tí ó gbógun ti ayédèrú òògùn láti 2001 títí di 2008, tí ó sì kú ní 2014. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan, Njideka Akunyili Crosby, tí a bí ní Enugu ní 1983, wà lára àwọn ayàwòrán tí ayé ń bu ọlá fún jù lónìí. Pálọ̀ ilé, tábìlì oúnjẹ, òun àti ọkọ rẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí, ni ó máa ń yà. A sì tẹ fótò kéékèèké láti inú ìwé ìròyìn àti álíbọ́ọ̀mù ilé wa sí ara ògiri àti ilẹ̀ inú àwòrán náà, títí tí Nàìjíríà fi kún inú yàrá kan ní Amẹ́ríkà. Ìyá ní kí ẹ máa wo orúkọ lára òògùn. Ọmọ ń fi àwòrán rán wa létí ibi tí a ti wá.

Àwọn Yorùbá ní adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, tí a bí ní 1917 tí ó sì kú ní 1994. Ní nǹkan bí 1973, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó rí ọmọ ọba kan, Adétutù Adémilúyì, ó sì ya àwòrán rẹ̀ tí a ń pè ní "Tutu." Ọ̀kan nínú àwọn "Tutu" tí ó yà, èyí tí ó parí ní 1974, pòórá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a kò fi gbúròó rẹ̀. Ní ìparí 2017 ni wọ́n bá a nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́wọ́ ìdílé tí kò mọ ohun tí ó wà lára ògiri wọn. Ní oṣù kejì 2018, wọ́n lu ú ní gbàǹjo, owó rẹ̀ sì lé ní £1,200,000.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ó bá ọ̀rọ̀ mi mu jù. Ní 1971, Enwonwu ya obìnrin kan ní Èkó, Christine. Àwòrán náà wà lọ́wọ́ ìdílé Christine ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kan, wọ́n wo orúkọ tí ayàwòrán kọ sí ara iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fi orúkọ náà wádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú wọn sì là. Ní 2019 ni wọ́n lu òun náà ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tó nǹkan bí £1,100,000. Orúkọ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n o! Ká ní ayàwòrán kò kọ orúkọ, tàbí ká ní ẹnìkan ti gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò kí ó lè wọ férémù, bóyá yóò wà lára ògiri yẹn títí di òní. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ; bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwòrán.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnìkan láti ẹ̀yìn tí ń sọ pé, "Tíṣà, fóònù ti wà. Kí ni a tún fẹ́ fi ayàwòrán ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ gbọ́ ìtàn ìyá kan tí ń ta gààrì ní ìlú wa yìí. Nígbà tí ó pé àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán kan kí ó ya ìyá wọn. Fótò ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà ní òun fẹ́ lọ jókòó ní ìsọ̀ ìyá náà ní ọjọ́ ọjà. Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, inú bí ìyá.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí mo ṣe gbó tó nìyí? Nínú fótò, ojú mi ń dán."

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ yín."

Ìyá wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ kan di kọ́ńgò mú, èkejì sì bo orí gààrì tí ó ga lókè kọ́ńgò náà kí ó má baà dà nù, bí ó ti máa ń ṣe fún oníbàárà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wọn ọ́n. Ọwọ́ yìí ni mo fi rán gbogbo yín ní ilé-ẹ̀kọ́." Pálọ̀ ni àwòrán náà wà báyìí, àlejò kì í sì í wọlé kí ìyá má tọ́ka sí ọwọ́ yẹn.

Ẹ rí i báyìí pé fótò àti àwòrán kì í ṣe ọ̀kan náà. Fótò mú ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ó sì gbà gbogbo ohun tí ó bá wà níwájú rẹ̀, títí dé okùn iná àti ike omi. Ayàwòrán a máa yàn. Ó ti wo ìyá náà fún wákàtí púpọ̀, ó ti mọ èyí tí ó ṣe kókó, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ayàwòrán tí ó mọ iṣẹ́, ẹ má kàn béèrè bóyá ó jọ ọ́. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta yìí.

Èkíní, ẹ wo ọwọ́. Ọwọ́ ṣòro í yà ju ojú lọ. Ayàwòrán tí kò tíì mọ̀ ọ́n yà a máa fi ọwọ́ pamọ́ sínú agbádá tàbí sẹ́yìn. Èkejì, ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Bí oòrùn bá ti ọwọ́ òsì tan sí ojú, kò yẹ kí òjìji imú tún ṣubú sí ọwọ́ òsì kan náà. Ẹ̀kẹta, ẹ rìn sẹ́yìn, kí ẹ wá bi ara yín pé: irú ènìyàn wo nìyí? Ṣé ẹni tí ó ń yánu ni, tàbí ẹni tí ó ń rò, tàbí ẹni tí ó ń fi ìgboyà bo ìbẹ̀rù? Bí àwòrán bá dá yín lóhùn láìsí pé ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Bí kò bá sọ nǹkan kan ju pé imú wà láàrin ojú, a jẹ́ pé ó kù sí ìbọn ọlọ́dẹ.

Níbo ni ẹ ó ti rí wọn wò? Ẹni tí ó bá ń lọ ra ọjà ní Balógun lè ya Onikan ní Èkó kan náà, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ti wà láti 1957, kí ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ àwọn baba ńlá. Ní Lẹ́kí, ilé ìpàtẹ ìyá wa Níkẹ̀ẹ́ Okundaye, ọ̀gá aládìrẹ, ga dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwòrán kún ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé. Ní ojú ọ̀nà Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, nínú ọgbà Pan-Atlantic University, ilé ìṣàfihàn tí ọmọ ọba Yẹmisí Shyllon, ọmọ Abẹ́òkúta, fi ogunlọ́gọ̀ àwòrán àti ère rẹ̀ ta lọ́rẹ wà níbẹ̀ láti 2019. Ẹ̀yin tíṣà, bí a bá lè kó àwọn ọmọ lọ wo ẹranko, a lè kó wọn lọ wo àwòrán.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé Lẹ́kí, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé. Ní Sàngó, nígbà kan, àwọn sáìnráítà pọ̀ tí ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù, tí ń ya orí sí pátákó onígbàjámọ̀, tí ń ya kìnnìún àti idì sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí ń tẹ pátákó fìlẹ́ẹ̀sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ti di ọlọ́kadà. Ara àwọn tí ó ṣẹ́kù ni a ti rí àwọn tí ń ya ojú ènìyàn, tí ọwọ́ wọn dára, tí wọn kò ní oníbàárà ju ìgbà òkú àgbà lọ. Bí a kò bá béèrè orúkọ wọn nísinsìnyí tí wọ́n wà láàyè, kò sí òyìnbó tí yóò bá wa béèrè rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ọ̀kan nínú wọn, ẹ ṣe é bí oníṣòwò. Ẹ dúnàádúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ san àsansílẹ̀ tí yóò fi ra ọ̀dà àti kánfáàsì, ẹ má sì há a mọ́ ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ọ̀dà olóròóró kì í yára gbẹ. Ẹ ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sí iwájú, kí ó hàn. Ní ẹ̀yìn, kí ó kọ orúkọ ẹni tí a yà àti ìlú tí a ti yà á. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀ yín. Ẹ má gbé àwòrán kọ́ sí ibi tí oòrùn ti ń ràn án tààrà, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá. Ẹ má sì gbé e kọ́ sára ògiri tí omi òjò ń rin, kánfáàsì yóò jẹrà. Bí eruku bá bò ó, aṣọ gbígbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ bí àwo.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé nítorí £1,200,000 ti "Tutu" ni òun yóò ṣe ra àwòrán. Púpọ̀ nínú àwòrán tí a ń rà kì í padà di owó. Ẹni tí ó bá wá sọ fún yín pé ẹ ra èyí lónìí, yóò di ìlọ́po mẹ́wàá lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ di àpò yín mú. Ẹ ra èyí tí ẹ ó máa wò tí inú yín yóò máa dùn, èyí tí àwọn ọmọ yín kò ní fẹ́ tà. Ohun tí a bá ní ni à ń náání; ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn òbí máa ń wá bá mi ní ọ́fíìsì pé, "Tíṣà, ẹ bá mi na ọmọ yìí. Gbogbo ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀ ni ó fi ya orí ènìyàn." Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí a kọ́kọ́ jọ wo orí tí ó yà náà. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò, èmi kò ní gbà fún un pé kí ó má mọ̀ ọ́n. Bí ó bá di ayàwòrán, ìṣirò ni yóò fi mọ iye tí yóò gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ra ìwé aláìnílà kan fún un, kí ó yéé ba ìwé kíláàsì jẹ́, kí ẹ sì ní kí ó ya ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní ìsàlẹ̀ ewé náà, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́. Kékeré ni kí ó ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun kì í ṣe ohun aláìlórúkọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa padà sí iwájú àwòrán tí ó wà nílé rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí ó yà á, ẹ bi àwọn àgbà ilé, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti gbà á. Bí ẹ bá rí orúkọ náà, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn férémù. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Nígbà tí ọmọ ọmọ yín bá bi yín pé ta ni ó ya bàbá àgbà, kí ẹ má fi ọwọ́ họ orí.